Wàrà Tí Kì Í Kan

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó já sínú igbá wàrà Màlúù.

Ọmú Màlúù wú. Ọ̀kẹ́rẹ́ oníṣègùn fún un lóògùn, ó ní, "Ìyá Àkànjí, oògùn yìí ń bá wàrà jáde o. Ẹ má tà á títí ara yín yóò fi mọ́."

Màlúù ní òun gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé wàrà lọ sọ́jà, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wá mu wàrà funfun o,
*Tere, wàrà tere.*
Wàrà mi ò lábààwọ́n o,
*Tere, wàrà tere.*

Ajá mu ún, ó yìn ín. Ológbò mu ún, ó lá igbá. Ewúrẹ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀ kó lè kan, kò kan. Ó ní, "Háà! Wàrà yìí mọ́ débi pé kì í bàjẹ́!" Ni gbogbo ọjà bá ń du wàrà Màlúù. Wọn ò mọ̀ pé oògùn ni kò jẹ́ kó kan.

Àkànjí, ọmọ Màlúù, náà ń mu ún.

Nígbà tó yá, Àkànjí fẹsẹ̀ gún igi, egbò náà sì kẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé oògùn kan náà wá. Wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò ràn án. Wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kejì, kò ràn án. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn kòkòrò inú egbò bú sẹ́rìn-ín: "Èyí náà kẹ̀? Àwa tí à ń bá Àkànjí mu ún láràárọ̀! Ó ti mọ́ wa lára."

Àkànjí kú. Bí àwọn aládùúgbò ṣe ń bá Màlúù dárò, Ewúrẹ́ gbé igbá kan tọ̀ ọ́ wá.

"Ìyá Àkànjí, ẹ mu díẹ̀ kára lè tù yín. Tiyín ni mo rà. N ò jẹ́ fún yín ní wàrà tí kò mọ́."