Atukọ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àgbò

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe yìí kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹran oníwo ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ létí odò tiwa: ènìyàn ni Àgbò yìí.

Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń fi ọ̀pá tukọ̀ kọjá odò Ayílà, agbára rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di Àgbò lẹ́nu ará ìlú. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ há sórí iyanrìn. Ó fi èjìká tì í, orúnkún rẹ̀ dún pàì, ó sì ṣubú sómi. Dókítà wò ó, ó ní iṣan tó so orúnkún mọ́ ojúgun ti já, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè so ó padà.

"Ìgbà wo ni n ó padà sẹ́nu iṣẹ́?" Ṣówándé bi í.

"Oṣù márùn-ún. Bí ẹ bá kánjú tó tún já, n kò lè rán an mọ́."

Ṣówándé ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Oṣù márùn-ún yóò pé kí odò tó kún. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó tiro lọ bá olórí àwọn atukọ̀, ó tọrọ àyè, ó sì fa ọ̀pá lé Lámídì, igbákejì rẹ̀, lọ́wọ́. Olórí gbà, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, "Bí odò bá kún tí n kò rí ọ, Lámídì ló ni ọkọ̀ náà o."

Nígbà tó di oṣù kẹta, Lámídì dúró níwájú ilé Ṣówándé pẹ̀lú àwọn èrò, ó pariwo pé, "Ẹ wo Àgbò! Ẹ̀yìn ló ń rìn sí!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ṣówándé pọ́n. Ó ju ọ̀pá ìtilẹ̀ nù, ó fẹ́ jáde lọ gba ọkọ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, dí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Dékúnlé, bí ẹ ó bá kọjá, ẹ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá."

Ṣówándé jókòó, ó ń làágùn. Àwẹ̀ró wá kọjú síta, ó ní, "Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá!" Lámídì pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró wọlé, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ náà fún ọkọ rẹ̀. Òun náà kò mọ̀ bóyá orúnkún yẹn yóò tún gbé nǹkan kan.

Láràárọ̀, Ṣówándé ń gbé ẹsẹ̀ náà sókè bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó di òkúta mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ gbé e. Oṣù márùn-ún pé lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́bọ̀, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá mú odò kún lójijì, igbe sì ta: ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ Lámídì, ọkọ̀ elérò mẹ́sàn-án ti sá lu igi wíwó, ó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwẹ̀ró wo orúnkún ọkọ rẹ̀, ó gbé okùn fún un.

Ṣówándé so okùn mọ́ ìdí, ó wọ omi. Omi dé àyà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tí wọ́n rán ti àpáta, ó ta á bí iná, ó di iwájú ọkọ̀ mú, ó fà. Àwọn tó wà létí odò náà ń fa okùn. Orúnkún náà kò yẹ̀. Gbogbo èrò gúnlẹ̀. Lámídì ló bọ́ọ́lẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó dúró."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ti di òwe. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ tàbí ìjà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè le tàbí kó lè múra sílẹ̀, tí aráyé ń pè é ní ọ̀lẹ, àwọn àgbà a fi òwe yìí gbà á níyànjú, wọn a sì fi pa ẹlẹ́yà lẹ́nu mọ́: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.