Igbá Omi Ìwúre ní Agboolé Ọlọ́ya

Abọ́yadé kò fẹnu kan ẹmu rí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé inú afẹ́fẹ́. Ní agboolé ọlọ́ya, níbi tí gbogbo wọn ti jẹ́ ọmọ bàbá ńlá kan náà, ọkùnrin kì í bu omi fún àlejò. Wọ́n ní èèwọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn obìnrin lọ sódò, òùngbẹ ń gbẹ àlejò kan. Àánú ṣe Abọ́yadé, ó bu omi sígbá fún un. Bó ṣe ń gbé e fún un, omi dà sí àlejò náà láyà.

"Ọ̀mùtí!" Ọyágbèmí, olórí agboolé, fìbínú kígbe. "Kó ẹrù rẹ. Oko tí ò ń ro kì í ṣe tìrẹ mọ́."

"Baba, n kò mutí. Bí ọwọ́ mi ṣe rí láti kékeré nìyí."

"Ta ló tún ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí?"

Àwọn àgbà ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, wọ́n ní kò sí. Abọ́yadé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ìyẹn ń wo ilẹ̀.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró ìyàwó Abọ́yadé ti odò dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, a ti ń lọ. Ẹ ṣáà fi omi tútù wúre fún wa."

Ó bu omi kún igbá dẹ́nu, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́. Ta ni yóò kọ omi ìwúre lójú àlejò?

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó rin ẹsẹ̀ Ọyágbèmí, ó rin àyà ẹ̀gbọ́n, igbá kan já bọ́, ó fọ́. Àlejò bú sẹ́rìn-ín.

"Hóró ata kéré," Àwẹ̀ró wí, "ṣùgbọ́n igi rẹ̀, ewé rẹ̀ àti títa rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kó tó hù. Bàbá ńlá yín ló fi gbígbọ̀n yìí pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ yín, kò sí ẹ̀kán kan tí kò sí nínú rẹ̀. Èwo nínú yín ló wá mutí?"

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí Abọ́yadé dúró.

"Ẹ máa lọ," Ọyágbèmí rọra wí. "Ẹ ti tú àṣírí wa."

Abọ́yadé di ẹrù, kò dágbére fún ẹnì kan. Àlejò ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà, láti ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n ń pa á lówe títí dòní pé: Àrùn tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.