Tẹlifíṣọ̀n Tí Ọkùnrin Kan Fẹ́ Dá Padà

Ọkùnrin kan wà, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, tó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, irú èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka irùngbọ̀n agbábọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ lo bá wá, Olútọ́sìn, àti pé o ti ní kó di ẹrù rẹ̀. Fara balẹ̀ ná.

Ọkùnrin yìí kò kánjú. Ó lọ bá ọlọ́jà kan tó ti ń ta tẹlifíṣọ̀n nílùú wọn fún ọdún mọ́kànlá, tí ẹnikẹ́ni kò pè ní oníjìbìtì rí. Ọlọ́jà bi í bí pálọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti bí àga rẹ̀ ṣe jìnnà sí ògiri tó. Ó ní kó má ra èyí tó tóbi jù fún pálọ̀ náà, nítorí ojú á máa ro ó. Wọ́n tan márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkùnrin náà yan ọ̀kan, ọlọ́jà sì gbé irú rẹ̀ fún un nínú páálí.

Nígbà tó délé, àwòrán náà ṣú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú ọkọ̀ tí eruku bo gíláàsì rẹ̀. Ó fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan.

"Olè ni ọ́!" ló ń pariwo. "O fi èyí tó dáa hàn mí, o wá gbé àlòkù fún mi!"

Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ rọra jáde. Inú ọlọ́jà bàjẹ́, nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan ló fi ń tajà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó nílé," ló sọ. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá jẹ́ àlòkù, màá dọ̀bálẹ̀ fún yín láàárín ọjà."

Nílé ọkùnrin náà, ọ̀rá ṣì wà lára gbogbo àga, rìmóòtù náà sì wà nínú ọ̀rá. Ọlọ́jà fa kọ́tìnì, kí oòrùn má baà máa kọ lu ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó yọ wáyà àtijọ́ tí ọkùnrin náà fi so ó, ó fi èyí tuntun tó wà nínú páálí rọ́pò rẹ̀. Ó dín àwọ̀ àwòrán náà kù, nítorí ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti pọ́n jù. Ó sàn díẹ̀. Ó wá fi èékánná kan etí tẹlifíṣọ̀n náà.

"Bàbá, ọ̀rá tó bá a wá ṣì wà lójú rẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Ṣé kó tètè gbó ni?"

Kódà, ibi tí ọ̀rá náà ti fẹ́ ṣí, ó ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ padà. Ọlọ́jà ṣí téèpù náà. Ó fa ọ̀rá náà láti igun kan dé èkejì, àwòrán sì mọ́. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó bá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà méjì yẹn kò padà wá.

Olútọ́sìn, ọ̀rọ̀ rẹ bí mi nínú. Èmi ni mo ṣíwájú nígbà tí a lọ tọrọ ọmọbìnrin yẹn. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ń ránṣọ, ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. O ní kó má kọrin mọ́, kí àwọn ọkùnrin má baà máa wò ó. O ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ inú yàrá. O lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, o ní wọn á bà á jẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, o wá ń sọ fún mi pé ó ti dákẹ́ jù, pé àwọn àna rẹ tàn ọ́.

Wọn kò tàn ọ́. Ìwọ lo wé e. Lọ sílé nísinsìnyí, ṣí yàrá yẹn, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó tú ẹrù rẹ̀. Kí o sì gbàdúrà pé kó gbà, nítorí ẹrù tí o ní kó dì yẹn, ó lè ti máa wù ú láti gbé e lọ.