Bí Àwọn Ẹbọra Oníwòsàn Ṣe Dán Ọdẹ́wùmí Wò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Kí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè sọ fún iṣẹ́ náà pé ó di ọ̀la, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́wùmí, ọmọ Ògúnkẹ́yẹ ọdẹ, ará Òkè-Ìrókò. Ó ga bí ọ̀pẹ àárín oko, ó dákẹ́ bí omi inú àmù, ìbọn kì í sì í dún lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹran má ṣubú. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ràn tó bàbá náà láyé.

Ní ọdún kan, ejò bu Ògúnkẹ́yẹ ṣán lẹ́sẹ̀ nínú oko ẹ̀gúsí. Òkè-Ìrókò kò ní oníwòsàn. Ìrìn ọjọ́ méjì ni ọ̀dọ̀ èyí tí ó sún mọ́ wọn jù. Ọdẹ́wùmí mú okùn, ó so ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ pinpin kí oró má baà gòkè, ó gbé bàbá lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó kọrí sọ́nà. Fún odindi ọjọ́ méjì kò tú okùn náà. Oró ejò kò pa bàbá, ṣùgbọ́n okùn pa ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹsẹ̀ ti dúdú bí èédú, láti orúnkún ni wọ́n sì ti gé e. Ògúnkẹ́yẹ kò bá ọmọ rẹ̀ wí rárá; ọpẹ́ ni ó ń dá pé ẹ̀mí òun wà. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá dárí rẹ̀ ji ọmọ, ọmọ kò dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́wùmí gbé ìbọn kọ́ sára ògiri, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, mo fẹ́ lọ sí Igbó Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ewé, níbi tí àwọn ẹbọra ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwòsàn. Mo mọ bí a ṣe ń pa nǹkan. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń dá nǹkan sí."

Bàbá ní, "Mo gbọ́ pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní í lọ lọ́dọọdún, méje péré ni wọ́n ń gbà."

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ó dára. Ẹni tí kò bá dé ẹnu ọ̀nà, a kì í bi í pé ta nìyẹn. Máa lọ, ọ̀nà á là."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi rìn. Ó kọjá lábẹ́ àwọn igi tí ewé wọn ń mí bí àyà ọmọ tí ó sùn, ó la àbàtà kan kọjá tí ẹja ibẹ̀ ń fi ìyẹ́ fò, ó kí àwọn iwin tí ń fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n sì dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kẹwàá ó dé Ilé Ìwòsàn. Àwọn tí ó ti dé ṣáájú jókòó sórí ìtì igi gígùn kan níta, olúkúlùkù ń kùn bí oyin, wọ́n ń há ohun tí wọn yóò sọ sórí. Ọkùnrin tí ó jókòó tì í ń jẹ́ Láògún, ọmọlúàbí ènìyàn, tí ó ti há orúkọ irinwó ewé sórí. Láògún rí i pé ọwọ́ Ọdẹ́wùmí ń gbọ̀n, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, "Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni, ẹbọra kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí agogo bá ti lù, àkókò rẹ pé nìyẹn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o fẹ́ ṣe oníwòsàn, sọ pé ìfẹ́ ọmọ ènìyàn ni. Má sì jẹ́ kí wọ́n rí àléébù rẹ."

Nínú yàrá kìn-ín-ní ni Olójú-Mẹ́rìndínlógún wà. Oje ewé ti pa ọwọ́ rẹ̀ láró, àwọn ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi í pé, "Kí ló dé tí o fẹ́ iṣẹ́ yìí?"

Ọdẹ́wùmí dáhùn pé, "Ìfẹ́ ọmọ ènìyàn ni, Bàbá."

Ẹbọra náà pa mẹ́jọ nínú àwọn ojú rẹ̀ dé. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni mẹ́tàlélógún ni ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti àárọ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n aṣọ àyálò ni. Èyí tí wọ́n rán mọ́ ọ lára ńkọ́?"

Ọdẹ́wùmí bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀ lọ́kàn. Agogo lù. Ó jáde pẹ̀lú ìdánilójú pé ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ti já sí asán.

Nínú yàrá kejì, ìyá arúgbó kan tí ẹ̀gún bò lára bí òòrẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń kérora. Igbá oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "N kò ní mu ún. Máa lọ síbi tí o ti wá." Ọdẹ́wùmí kò bá a jiyàn. Ó rántí pé ọdẹ kì í sáré tẹ̀lé ẹran tí ẹ̀rù ń bà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá, kí ni ó ń dùn yín jù?"

"Ariwo ni. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń ka orúkọ ewé fún mi, kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ tèmi."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Kí ni orúkọ yín?"

"Àyìnkẹ́-Ẹ̀gún ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo mu oògùn yẹn ní ìjẹta, ọ̀fun mi wú, n kò lè mí."

Ọdẹ́wùmí rọra gbé igbá náà jìnnà sí i. Ó ní, "Ẹ kò ṣoríkunkun rárá, Ìyá. N kò mọ ìdí tí ó fi ṣe yín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ kí ẹ tó tún fi ẹnu kan oògùn kankan." Bí agogo ti lù, ìyá náà dìde, ara rẹ̀ le koko bí òkúta, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn kẹta fún un.

Olórí àwọn oníwòsàn ni ó wà níbẹ̀. Èèpo igi ni ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí odò tí ó ń ṣàn lábẹ́ àpáta. Ó ní, "Sọ ohun tí o ṣe tí ó burú fún mi."

Ìmọ̀ràn Láògún wá sí ọkàn Ọdẹ́wùmí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okùn ni ó bá ẹnu rẹ̀ jáde. Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ti ejò, ti ọjọ́ méjì, ti ẹsẹ̀ tí wọ́n gé.

Olórí ní, "Àìmọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ tèmi ni, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó sì bá a lọ."

"Bí a bá gbà ọ́, ìwọ yóò tún ṣe àṣìṣe. Kí ni ìwọ yóò ṣe lọ́jọ́ náà?"

"N ó sọ fún ẹni tí mo ṣe é sí, n kò ní fi pamọ́. N ó sì kọ́ ohun tí n kò mọ̀, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Olórí na apá rẹ̀ sí i. Àpá mẹ́ta wà lára èèpo náà. Ó ní, "Ẹni mẹ́ta ni ó kú nítorí àṣìṣe ọwọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mọ orúkọ wọn, mo sì mọ orúkọ ìyá wọn." Ọdẹ́wùmí wo apá náà, ó wo ojú olórí, ìbẹ̀rù tí ó ti ń bà á di ọ̀wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n pe orúkọ méje. Ọdẹ́wùmí ni ìkarùn-ún. Wọn kò pe Láògún. Orúkọ ewé ni ó ń kà fún ìyá arúgbó yàrá kejì títí agogo fi lù, kò béèrè orúkọ rẹ̀. Olójú-Mẹ́rìndínlógún fúnra rẹ̀ jáde tọ̀ ọ́ wá, ó ní, "Orí rẹ pé, ọmọ mi. Etí ni kò tíì là tó. Padà wá." Láògún sunkún, Ọdẹ́wùmí sì jókòó tì í títí omijé fi gbẹ.

Wọ́n fún àwọn méje ní oṣù kan láti lọ dágbére nílé. Nígbà tí Ọdẹ́wùmí dé, Ògúnkẹ́yẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n bi mí léèrè ohun burúkú tí mo ṣe, Bàbá. Mo sọ ti okùn."

Ògúnkẹ́yẹ fà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bi ọ́. Èmi kò mọ bí mo ṣe lè ṣe é." Ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ náà tán pátápátá, tí wọ́n sì jọ jẹun.

Láògún padà lọ ní ọdún kejì, wọ́n dá a padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbà á. Òun ni ó gba ẹ̀bí àbíkẹ́yìn mi; kí ó tó fọwọ́ kan ìyàwó mi, orúkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè, ó sì jókòó gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kan ilẹ̀kùn ńlá, ẹ kọ́ ewé, ẹ há a sórí dáadáa, nítorí òmùgọ̀ kò lè wo àìsàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bi yín, ẹ ti bi ara yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bá wọlé tọ̀ yín wá, ẹ fi àpá tiyín hàn án. Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ lọ bá iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ mi ti tán.