Iná Lápò Olùkọ́

Ọ̀gbẹ́ni Fáfowórà, olùkọ́ àtúnṣe ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti búra pé obìnrin ò ní í yege lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó yọ nǹkan kan lára ẹ́ńjìnnì, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ní kí Abọ́sẹ̀dé, obìnrin kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì náà, sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà láì ṣí i, láì lo ẹ̀rọ àyẹ̀wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ sílé. Abọ́sẹ̀dé rọra yí ọkọ̀ náà po, ó dẹtí sí i, ó tajú kán rí àpò olùkọ́ tó wú, àfi bó ṣe figbe ta: “Yéè! Sà, iná ń jó lápò yín!” Olùkọ́ fò sókè, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó sì ju ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni, èyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò lè tan ẹ́ńjìnnì láìsí i. Gbogbo kíláàsì lanu sílẹ̀. Abọ́sẹ̀dé he é, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn nìyí, sà.”