Ìpolówó Ọṣẹ Àwẹ̀ró
Baálẹ̀ fẹ́ gba ìsọ̀ Àwẹ̀ró ọlọ́ṣẹ dúdú fún ìyàwó rẹ̀, ló bá pàṣẹ pé kó ta ọṣẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ ọjà láìpolówó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kẹ́rù kúrò. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: "Mo gbọ́, Baba. Ẹ ṣáà jẹ́ kí akéde sọ fáráàlú ohun tí mi ò gbọdọ̀ sọ." "Ìyẹn ò le!" ni Baálẹ̀ wí. Àwẹ̀ró kọ́ akéde lọ́rọ̀, akéde sì lu agogo yíká ìlú: "Baálẹ̀ ní kí Àwẹ̀ró má sọ fẹ́nikẹ́ni pé ọṣẹ tí ìyá ìyá òun fi wẹ Baálẹ̀ lọ́mọ ọwọ́, tí ara wọn fi ń dán dòní, lòun ń tà nídìí igi ọsàn o!" Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí agbọ̀n fi ṣófo. Baálẹ̀ fìbínú pè é: "Ta ló bá ọ polówó?" "Ẹ̀yin ni, Baba. Ẹ ṣeun púpọ̀."