Atòlẹ́tà Tó Fi Abẹ́rẹ́ Tún Lẹ́tà Ṣe

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, iṣẹ́ títo lẹ́tà ló ń ṣe ní ilé ìtẹ̀wé. Nígbà náà, òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí eyín, inú àpótí olójúlé púpọ̀ ni wọ́n sì ń kó wọn sí. Bí iṣẹ́ bá dé, ọkùnrin yìí a ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, a tò wọ́n sórí ìlà, ẹ̀rọ a sì tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ ládùúgbò.

Òkè òkun ni lẹ́tà wọ̀nyí ti wá. Àwọn tó rọ wọ́n kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì fi àmì kankan sábẹ́ e, tàbí o, tàbí s. Ọ̀rọ̀ tó ní àmì nígbà tí wọ́n fọwọ́ kọ ọ́ yóò ti pàdánù rẹ̀ kó tó ti ẹnu ẹ̀rọ jáde. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní kò burú, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè yóò mọ ohun tó ń kà. Ọkùnrin náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ káàdì wá. Orúkọ àìsàn àti ti ẹ̀yà ara tó ń dunni ni wọ́n tò sórí rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè fa ìlà sábẹ́ èyí tó bá rí lára aláìsàn. Nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, àrùn tí gbogbo ayé ń sá fún. Ètè náà wà níbẹ̀, fún ẹni tí egbò bá wà létè rẹ̀. Àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí atòlẹ́tà náà fi òjé tò wọ́n, bákan náà ni méjèèjì rí. Ó rò ó pé ojú tó bá rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì yóò sọ pé òun ṣe àṣìṣe, àyè sì há. Ó yọ ọ̀kan kúrò. Ọ̀gá rẹ̀ yìn ín pé iṣẹ́ náà gún.

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò tíì lọ tán nígbà tí obìnrin kan wọlé wá pẹ̀lú káàdì náà lọ́wọ́. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ tẹ ìwé yìí, orúkọ ilé yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi kà á. Kí lẹ kọ síbẹ̀?”

Atòlẹ́tà náà gbà á, ó wò ó. Ìlà nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ete. Ó la ẹnu, kò mọ èyí tí yóò pè.

Obìnrin náà wá ròyìn. Àbúrò òun kan wà ní ìlú òdìkejì odò, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ẹní ló ń hun. Bí ó bá ń hun ún, ètè ló fi máa ń di koríko tútù mú kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè, etí koríko sì ti gé e létè, ọyẹ́ sì sọ ojú ibẹ̀ di egbò. Ó lọ gba ìtọ́jú, wọ́n fún un ní káàdì. Nígbà tó délé, akọ̀wé ìlú kà á sókè lójú gbogbo àgbà, ó sì pè é ní ẹ̀tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti lé e lọ sí ahéré kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fa ìlà náà sì ti ṣí lọ síbi tí ẹnìkan kò mọ̀.

Atòlẹ́tà náà kò sọ pé ọ̀gá òun ló ní kò burú. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá obìnrin náà sọdá odò.

Ó ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé ọ̀rọ̀ tó ní àmì lábẹ́ ni àrùn, pé èyí tí wọ́n ń wò yìí kò ní àmì, ètè lásán ni. Akọ̀wé ìlú ní kó wo káàdì náà dáadáa. Ese wà níbẹ̀, kò ní àmì, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Bí kò bá sí àmì níbì kankan, kí ni àìsí àmì fẹ́ jẹ́rìí sí? 

Àgbà kan sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé, “A ò ní irọ́ lò ń pa, ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló lé e jáde. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ lónìí, tí àrùn bá ran àwọn ọmọ wa lọ́la, ta la ó bi? Mú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò wà níbẹ̀, tí ojú wa yóò sì rí ìyàtọ̀ wọn.”

Kó tó padà, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí Àwẹ̀ró. Ẹní ló ṣì ń hun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń rà á. Egbò ètè náà ti jinná.

Nígbà tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe lẹ́tà alámì, ọ̀gá ní àwọn tó dá lẹ́tà sílẹ̀ ti ṣe é pé, pé bí ó bá fi ba ẹyọ kan jẹ́, kó máa lọ sílé. Ó wá lọ sídìí agolo tí wọ́n ń da lẹ́tà tó ti gbó sí, èyí tí wọ́n fẹ́ yọ́. Ó ṣa èyí tó ṣì dára níbẹ̀. Lábẹ́ ojú e àti o àti s, àyè pẹrẹsẹ kan wà tí ohunkóhun kò sí níbẹ̀. Ó fi ìlu dá ihò sí àyè náà, ó gé abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó sì tì í bọ inú ihò náà. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ ga, nítorí yóò dá ìwé lu. Kò gbọdọ̀ kúrú, nítorí kò ní hàn. Mọ́kànlá ló kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlu gún un ní àtàǹpàkò, ó so ó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà sú u, alùfáà àgbà kan gbé tírà èdè Lárúbáwá rẹ̀ wá kí wọ́n bá a di èèpo rẹ̀. Atòlẹ́tà bi í bóyá ó tọ́ kí ènìyàn máa fi àmì kún lẹ́tà tí kì í ṣe òun ló dá a. Alùfáà náà ṣí tírà rẹ̀, ó fi lẹ́tà mẹ́ta hàn án tó jọra bí ìbẹta bí wọ́n bá wà láàárín ọ̀rọ̀, àfi àmì tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ wọn. Ó ní láyé àtijọ́, àìmọye ìwé ni wọ́n kọ láìsí àmì wọ̀nyí, tí àwọn ènìyàn sì ń ṣì í kà.

“Ènìyàn ló fi í síbẹ̀, ọmọ mi,” ni alùfáà wí. “Ẹni tó bẹ̀rù àṣìkà ló fi í síbẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí lẹ́tà mọ́kàndínlógójì tí káàdì kan gbà tó pé. Ó tò ó, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀tẹ̀ dúró láyè tirẹ̀ pẹ̀lú àmì, ètè dúró láyè tirẹ̀ láìní, àmì sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ pàápàá. Ọ̀gá rẹ̀ gbé káàdì náà sójú, ó kà á títí. Nígbà tó yá, ó lọ tú ojúlé mẹ́ta sílẹ̀ nínú àpótí fún àwọn lẹ́tà tuntun náà.

Nọ́ọ̀sì tuntun yẹ Àwẹ̀ró wò, ó rí àpá létè rẹ̀, kò rí ohun mìíràn lára rẹ̀, ó sì fa ìlà síbi tó yẹ lórí káàdì tuntun náà. Akọ̀wé ìlú kà á sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọ̀nà méjì tó lè gbà pè é. Wọ́n mú obìnrin náà padà wọlé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó tó ọdún kan kí àwọn aládùúgbò tó tún jókòó sórí ẹní rẹ̀.

Àwẹ̀ró sọdá odò wá wo lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ó fi orí ìka kan abẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé kò ju èyí náà lọ?”

 Nígbà tó lọ tán, atòlẹ́tà mú ìlu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òmíràn. Ọdún méjì ló fi ṣe é kí àpótí tó kún.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, o wí fún mi pé bí o ṣe bá iṣẹ́ tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ nìyẹn, pé kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́. Òótọ́ ni. Atòlẹ́tà yẹn náà kọ́ ló rọ lẹ́tà aláìlámì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Èwo nínú ìkọ̀wé ayé yìí ló pé lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dá a? Àwọn Gíríìkì gba lẹ́tà lọ́wọ́ oníṣòwò ojú òkun, wọn kò bá fáwẹ̀lì níbẹ̀, wọ́n sì sọ lẹ́tà tí ahọ́n wọn kò nílò di fáwẹ̀lì. Ẹni tó gba nǹkan tó sì rí ibi tó kù sí, òun ni àtúnṣe kàn. O ti rí ibi tí iṣẹ́ tìrẹ kù sí, ìwọ fúnra rẹ lo tọ́ka sí i fún mi. Bí o bá débẹ̀ lọ́la, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.